Àgò Lẹ́nu Okùn

Òórùn kòkó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí a bá ti jáde ní Oǹdó láàárọ̀, tí a kọjú sí Àkúrẹ́, àwọn àgbẹ̀ á ti tẹ́ ọ̀rá sí ẹ̀bá títì, wọ́n á ti da kòkó sí i kí oòrùn tó mú, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọ inú ọkọ̀, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí ẹmu àná. Ọ̀gá mi fẹ́ràn òórùn yẹn gan-an. Á yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyáàfin Ẹnjiníà, òórùn yìí ló rán mi níléèwé." Èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ni o, kì í ṣe tèmi. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ ló ti na kọ́kọ́rọ́ sí mi, mo kúnlẹ̀ gbà á tọwọ́ méjèèjì, mo rò pé ó ń pọ́n mi lé ni. Ọjọ́ kejì ni pátákó kan yọ síwájú wa, tí lẹ́tà ara rẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tí ọ̀gá mi wá rọra bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Mo kà á fún un. Inú mi ò dùn mọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà láti ìgbà yẹn.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, nítorí bí mo bá ní núkílíà, bọ́ǹbù ló máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn. Ìyá mi tó wà ní Ijapo Estate ní Àkúrẹ́ pàápàá, X-ray ló máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé ọmọ òun ń ṣe, kí wọ́n má baà máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó. Irọ́ kọ́ ló sì pa tán. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni wá, lẹ́yìn ìlú Oǹdó. Àwọn wẹ́dà tó ń jó páìpù pọ̀ máa ń pè wá kí a wá wo inú ibi tí wọ́n jó, bóyá ó dì dáadáa. Kóró irin kékeré kan tí kò tó ẹ̀wà la fi ń ya àwòrán inú irin náà. Inú àpótí tó wúwo ló ń gbé. Tí iṣẹ́ bá yá, a ó fa okùn yí páìpù ká, gbogbo wa á bọ́ sẹ́yìn okùn, a ó wá yí ọwọ́ ẹ̀rọ láti òkèèrè kí wáyà lè ti kóró náà jáde. Tí a bá ti ya àwòrán tán, a ó yí i kí ó padà sílé rẹ̀. Ìtànṣán tó ń ti ara kóró náà jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta èèyàn lára lójú ẹsẹ̀. Mítà ọwọ́ wa nìkan ló mọ̀ bóyá kóró ti wọlé lóòótọ́ tàbí ó há sọ́nà. Ẹni tó bá kọjá okùn nígbà tí ọwọ́ tó ń yí lójú mítà kò tíì wálẹ̀, kò ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á sọ fún un tó bá yá.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí látòkè délẹ̀. Ó ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ sì ti ní èmi ni n ó gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán àwa méjèèjì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n ṣètò fún àwa tí a ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ núkílíà, kí a lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣáájú. Àwọn tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wá yẹ̀ wá wò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ wá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Mo ti ń fura pé ojú ọ̀gá mi ń ṣú. Lóko iṣẹ́, òun ló ń di mítà mú, òun ló ń kà á, òun náà ló ń kọ́kọ́ kọjá okùn. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá yọjú wo mítà náà lábẹ́ apá rẹ̀ bí ọmọ adìẹ lábẹ́ ìyá rẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń sọ fún ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ pé kò ríran mọ́? Ìwọ náà tí wọ́n bí nílé ire, sọ fún mi.

Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ wa kó wa jáde sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Àbújá ló ti wá, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àpótí òfìfo ló gbé kalẹ̀, kò sí kóró kankan nínú rẹ̀. Ó fa okùn pupa yí i ká. Ó ti lẹ ọwọ́ mítà kan mọ́ òkè pátápátá, níbi tó léwu jù, ó gbé e lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ nítorí òun ló dàgbà jù láàárín wa, ó ní kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi gbé mítà síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ó ti wọlé." Ló bá gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn.

Gbogbo wa la rí i. Dókítà kan wúkọ́. Olùkọ́ yunifásítì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Nọ́ọ̀sì kan ṣáà gbìyànjú, ó ní, "Ẹ rọra o, sà," bí a ṣe ń sọ fún àgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá mi dáhùn pé, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Èmi gan-an ti la ẹnu, mo tún pa á dé.

Olùkọ́ wa pàtẹ́wọ́, ó dá eré dúró. "Ta ló rí i?" Ọwọ́ wa gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló dá wọn dúró?" Ọwọ́ wa tún ń wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì yẹn ní, "Mo ní kí wọ́n rọra, mà." A rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Olùkọ́ náà rò pé ọ̀gá mi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti dán wa wò, ó yìn ín, ó ní eré rẹ̀ dùn. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa láti pariwo. Ó ní nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó kéré jù gbọ́dọ̀ lè wo ẹni tó ga jù lójú kó sì wí pé, "Dúró!" Ó tò wá ní méjì-méjì, ó ní ká máa gbìyànjú rẹ̀. Háà! "Ẹ dúró, sà." "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákun, tó bá ṣe é ṣe, ẹ dúró díẹ̀." Òṣìṣẹ́ ìjọba kan kúnlẹ̀ kó tó sọ tirẹ̀. Obìnrin náà di orí mú. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi na ọwọ́.

Ó ní, "Olùkọ́, ohun tí ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ò ní lè ṣe é. Ilé wọn ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nílé bàbá mi, bó ti wù kí èèyàn dàgbà tó, tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á kágò. Bí onílé bá ní àgò yà, á wọlé. Bí onílé ò bá dáhùn, ìta ni yóò dúró. Ṣé ẹnikẹ́ni rí i fín ni? Rárá. Ọ̀nà ni kò tíì yá. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà máa kágò lẹ́nu okùn. Ẹni tó bá di mítà mú, kódà kó jẹ́ ọmọ àná, òun ni onílé."

Olùkọ́ wa ní kó tún un sọ. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wa ti ń kágò káàkiri òtẹ́ẹ̀lì náà, títí dé ìdí àwo ìrẹsì.

Bí a ṣe ń padà sí Oǹdó lọ́jọ́ yẹn, mo ń wá ẹnu tí n ó fi bi í léèrè. Mo ní, "Sà, ní ti mítà àárọ̀ yẹn," ó bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Kò wò mí. Ó ní, "Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ìwọ ni kó o máa di mítà mú. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ̀ ń pe ilé ní ulé, ká mọ̀ bóyá ẹ lè jẹ́ onílé." Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a fi délé, mi ò sì ráyè bi í mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ o. A ó ya àwòrán tán, wọ́n á yí kóró wọlé, ọ̀gá mi á rìn dé ẹnu okùn, á gbé ohùn sókè bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, "Àgò o!" Èmi á wo mítà, màá ní, "Àgò yà o, sà." Àwọn wẹ́dà fẹ́ràn rẹ̀ bí eré. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára débi pé ẹnu mi máa ń fẹ́ dáhùn kí ojú mi tó kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wà níbi iṣẹ́ kan lẹ́bàá Oǹdó. Òjò ti ṣú. Àwọn wẹ́dà ń kánjú kí ó tó dé. Wọ́n yí kóró wọlé, ọwọ́ ẹ̀rọ dún kẹ̀ bó ṣe máa ń dún, ọ̀gá mi gbọ́ ọ, ó sì dé ẹnu okùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àgò o!"

Mo wo mítà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, kò mira.

Mo fẹ́ sọ fún un. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ dúró." Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rọ̀ náà kò wá. Ṣùgbọ́n mo lè dákẹ́. Mo bá dákẹ́. Ó tún pè é, "Àgò onílé o!" Olórí àwọn wẹ́dà, ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ, kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹnjiníà, kí ló dé? Ẹ dá bàbá lóhùn, òjò ń bọ̀!" Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ bá mi dáhùn, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi ti gba ojú mi. Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi kan ti wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó yíjú sí mi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú kò bí i.

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga, sà."

"Mi ò rí i." Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ojú mi ò rí i mọ́. Ohun tí ẹni yìí bá sọ ni kí ẹ ṣe."

Mo ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n tún un yí, kí wọ́n rọra. Kóró náà há díẹ̀ sínú ọ̀nà rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó tú sílẹ̀, ọwọ́ mítà sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Òjò ti ń pa wá nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó kánjú mọ́.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní dókítà ojú ti sọ fún òun tipẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ta ni n bá sọ fún? Gbogbo yín lẹ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń wá ẹni tí kò ní dá mi lóhùn ni." Ó nu ojú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá omi òjò ni.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kán egbòogi sí i lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ṣì ń rí mi bí òjìji tí mo bá wọlé, á sì pè mí ní Ìyáàfin Ẹnjiníà kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Alágbàká. Wọ́n ya àwòrán oríṣiríṣi sára ògiri nípa aṣáájú, mi ò lè rántí ìkankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá kan rí i pé ojú òun ń ṣú, ó mọ̀ pé ọmọ tí òun kọ́ kò ní láyà láti dá òun dúró, ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ la ọ̀nà tí ọmọ náà lè gbà ṣe é láìṣe àfojúdi. Mo rò pé èmi ni mo ń ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Òun ló ń ṣọ́ mi. Kò fẹ́ kí ó di ọjọ́ kan tí n ó pa á nípa bíbọ̀wọ̀ fún un, tí n ó sì máa gbé ẹ̀bi rẹ̀ kiri títí tí n ó fi darúgbó.