Ókùdíẹ̀ àti Àga Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá wọ àdúgbò náà, tí ẹ rí àwọn èèyàn tó ń dúró jẹun, tó ń dúró ka ìwé ìròyìn, tó ń dúró bá àlejò sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé ìwà ọmọlúàbí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Àga wọn ló wà lọ́dọ̀ Ókùdíẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa tún àga tìmùtìmù ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dé góńgó. Ẹni tó bá jókòó lórí àga tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un dìde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àga kì í sábà jáde. Á bọ́ aṣọ àtijọ́ kúrò lára àga kan, á rántí pé òun ò tíì gé fóòmù ti àná, á wá ọ̀bẹ lọ, á rí rédíò tó ti dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, á tú rédíò. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ á ti kún ilẹ̀ bí ẹni sá èlùbọ́, kò sì ní sí èyí tó parí níbẹ̀ àfi rédíò, tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tó bá wá béèrè, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ó kù díẹ̀." Bí orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn.

Ọkùnrin kan gbé àga wá síbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Nígbà tó padà wá bi í léèrè, ọmọ tó gbé kọ́ èjìká ló bá a béèrè. Ìpàdé àwọn onílé, tó máa ń gba odindi ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́, torí ìdúró ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń bẹ Ókùdíẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé kó má kánjú.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í bá a délé. Tó bá délé, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa bi ara rẹ̀ irú orí wo lòun gbé wá sáyé, orí tó ń gba gbogbo àlejò sílé, tí kì í sin ẹyọ kan jáde.

Nínú gbogbo àga tó wà nílẹ̀ yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá rẹ̀: àga gíga ọlọ́wọ́ méjì tí ìyá náà jókòó lé lórí fún gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ókùdíẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi aṣọ tuntun yà á lẹ́nu. Ẹnu ya Màmá lóòótọ́, torí àga náà ò padà wálé mọ́.

Ìgbà tó yá ni ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ yọ Màmá, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn, ó yọrí sí rere, ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jókòó síbi tó bá rẹlẹ̀. Àga gíga tó ní apá tó ṣeé dì mú ló gbọ́dọ̀ máa lò. Ni ẹ̀gbọ́n Ókùdíẹ̀ ọkùnrin bá dé. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń tò lórí ìlà nínú dúrọ́ọ̀ bí ọmọléèwé. Ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí Màmá máa lọ sílé, tí àga náà bá ti wà nílẹ̀, kí Màmá máa bá àbúrò òun gbé bó ṣe ń bá a gbé tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sí nílẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ló ń lọ, ìrìn àjò láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun sì ti ra àga síbẹ̀.

"Mi ò bínú sí ẹ, àbúrò mi," ló wí. "Àmọ́ èèyàn ò lè jókòó lé orí ìlérí."

Màmá jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n jáde ná. Lẹ́yìn náà ló di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ dáa. Àmọ́ níbẹ̀, kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi parí àga mi."

Ókùdíẹ̀ búra. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kó fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti Màmá lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Ó dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ó ní ìṣẹ́jú kan péré ni. Ó fa òòlù yọ látinú báàgì ọwọ́ rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin yòókù ń kó páúdà sí. Nígbà tí bẹ́ǹṣì fi máa dúró gírígírí, Màmá ti pòórá. Nọ́ọ̀sì kan tó rí àgbà obìnrin lójú ọ̀nà ti tì í wọ ibi tó rò pé ó ń lọ. Àárín àwọn aláboyún ni wọ́n ti bá a, ó ti tò sórí ìlà, ó sì ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀.

Gbogbo ilé ìwòsàn rẹ́rìn-ín, àfi dókítà ọ̀dọ́ kan. Òun mú Ókùdíẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ókùdíẹ̀ ti dá a lóhùn kó tó béèrè tán. Dókítà náà kọ́ ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà fara balẹ̀, ó tún bi Màmá léèrè nípa ìgbà èwe ọmọ rẹ̀. Màmá ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kóun bẹ̀rẹ̀: wọ́n rán an lọ pọnmi, ó gbé ọmọ ajá bọ̀, korobá sì wà lọ́hùn-ún di òní olónìí. Nígbà tí wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn tán, ọ̀gá pe nǹkan ọ̀hún ní orúkọ òyìnbó gígùn kan tí wọ́n gé kúrú sí ADHD. Ó ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìbìkítà. Orí rẹ̀ ò ṣófo, ńṣe ló kún àkúnya láìní aṣọ́nà. Ó ní oògùn wà tó ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́, àwọn á jọ sọ ìyẹn tó bá yá, àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ rí olùdámọ̀ràn tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ókùdíẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn lomi ti bọ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń jẹ́ ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé orúkọ ẹlòmíì ló ń jẹ́.

Olùdámọ̀ràn náà jẹ́ àgbà obìnrin tó sanra díẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ò ní fi sílẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ń ké. Gbogbo ìgbà tó bá mí, àga á ké, ìyẹn nìkan ni Ókùdíẹ̀ sì ń gbọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó tọrọ gáfárà, ó bẹ̀ ẹ́ kó dìde, ó dojú àga délẹ̀. Olùdámọ̀ràn lọ jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń gbé bébà sí, ó ń bi í ní ìbéèrè rẹ̀ nìṣó. Ohun tó ya Ókùdíẹ̀ lẹ́nu ni pé bó ṣe ń de ìdè tó tú nídìí àga yẹn, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń dáhùn.

"Ṣé ẹ rí i," ni olùdámọ̀ràn wí, "tí ọwọ́ yín bá ti ríṣẹ́ ṣe, etí yín kì í sá lọ."

Inú Ókùdíẹ̀ dùn débi pé ó gbé àga obìnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á fi tìmùtìmù tuntun dúpẹ́. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò. Ó ti tú àga olùdámọ̀ràn palẹ̀ débi pé egungun igi rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì tíì fọwọ́ kan ti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ sì ni wọ́n ní Màmá ń lọ sílé.

"Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi mú Màmá lọ," ló wí. "Mo ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́."

Olùdámọ̀ràn, tó ń jókòó sórí àpótí láti ìgbà yẹn, tó sì ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá béèrè àga rẹ̀ pé ó kù díẹ̀, ò bínú rárá. Ó ní ẹni tó mọ ara rẹ̀ kì í bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jà tí bàtà bá há. Bàtà ló ń pààrọ̀. Ó ní kí àga tòun gbẹ̀yìn gbogbo àga ayé. Ó wá bi í pé ìgbà wo ló parí iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ gbẹ̀yìn.

Ókùdíẹ̀ rò ó títí. Ó ní ìgbà tí bàbá òun tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣì wà láyé ni. Bàbá ò ní sọ̀rọ̀. Á kàn máa ṣe tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà. Ọlọ́dẹ lọkọ mi, tójúmọ́ bá ti mọ́, oorun ló ń sùn."

"Ṣé ilé nìkan ni wọ́n ti ń sùn?"

Kí ó tó lọ, wọ́n jọ ṣètò ìyókù. Àwọn àga tó kù, kó da aṣọ bò wọ́n, torí ohun tójú ò rí kì í pè é. Kó kọ́kọ́ ṣe ibi tí ara ìyá rẹ̀ máa kàn. Kó sì máa sọ ọ́ sókè, bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé ìrọ̀rí wá sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọkùnrin yìí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́, ẹ̀rọ máa ń ké níbẹ̀ láti àṣálẹ́ dé ìdájí. Ariwo kì í jí i. Tí òrùlé bá wó, á kàn yí ìhà padà ni. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń jí i, torí níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, wàhálà dé nìyẹn. Nítorí náà, bí òòlù ìyàwó rẹ̀ bá ṣe ń dún, ó ń hanrun. Bí òòlù bá dákẹ́ pẹ́, ojú kan á là.

"Ìyá wọn, níbo lo wà?"

Ọjọ́ àkọ́kọ́, orí òrùlé aládùúgbò ló ti dá a lóhùn, níbi tó ti ń tún irin tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe. Kò sì mọ bóun ṣe débẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ̀yìnkùlé ni. Ọkọ ń ṣàròyé pé òun ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ lálẹ́, òun ń ṣọ́ ìyàwó lọ́sàn-án, ìgbà wo lolè á wá ráyè jí òun alára gbé. Àmọ́ kò gbé ìrọ̀rí rẹ̀ padà sílé. Díẹ̀díẹ̀, ibi tí ohùn ìyàwó ti ń dáhùn ń súnmọ́ ọn: ẹnu ọ̀nà, ìdí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ àga. Ìjókòó parí. Àyà ibi tí Màmá máa fẹ̀yìn tì parí. Apá ọ̀tún parí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, apá òsì ló kù. Ẹ̀gbọ́n ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọkọ̀ rẹ̀ sì lépo tó máa gbé wọn dé ilé tirẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni aládùúgbò kan gbé fáànù wọlé, ó ní kò yí mọ́, ó kàn ń kùn. Ókùdíẹ̀ wo fáànù. Fáànù wo Ókùdíẹ̀. Òòlù dákẹ́. Ojú ọlọ́dẹ là, àmọ́ kò tíì la ẹnu tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò:

"Apá òsì ni mo wà."

Ó tún un sọ. Ó yí ẹ̀yìn sí fáànù, ó kan ìṣó. Aládùúgbò náà gbé fáànù rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀, ó sì lọ ń ròyìn fún gbogbo òpópónà pé nǹkan kan ń ṣe Ókùdíẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, òòlù tún dákẹ́. Kò dún mọ́.

"Ìyá wọn, níbo lo wà?"

"Ibí ni mo wà," ló wí. Ó dúró síwájú àga náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo.

Bí wọ́n ṣe gbé àga náà dé pálọ̀ ilé ni ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, ó ní òun fẹ́ rí i kí Màmá tó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ ìjókòó. Ó di apá mú, ó mì í, kò mì. Ó ní kóun dán an wò díẹ̀, ó jókòó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìgbà tí Màmá fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn ló tó ta jí, tó yí lọ sẹ́yìn àga bíi ti òṣìṣẹ́ báńkì tó jẹ́. Kò sí aṣọ lẹ́yìn àga náà. Igi àti fóòmù ló wà níhòòhò, okùn kan sì ń fì nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ókùdíẹ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ló sì jáde.

"Ó kù díẹ̀."

Màmá rọra wọlé, ẹsẹ̀ kan ń tọ ọ̀kan. Ó yí ara padà, ó di apá ọ̀tún mú, ó di apá òsì mú, ó jókòó. Ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tì í, ó mí kanlẹ̀.

"Fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri," ló wí fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Ta ni mo fẹ́ fi ẹ̀yìn àga hàn? Lọ bá mi kó ẹrù mi wọlé."