Ọdún tí iná wọ oko agbálùmọ̀

Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sílé wọn ni mò ń sọ. Èmi ò mọ̀wé, mi ò lè pe iye ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sórí lọ́rì ní Ọ̀wọ̀ á mọ ìgbà yẹn. Ọyẹ́ mú débi pé ètè wa là, koríko gbẹ, ó ń dún bíi páálí tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni kí n máa mú àwọn ará ìlú lọ sí oko Bàbá Àdùkẹ́ ní Ìdógùn, níbi tí igi agbálùmọ̀ ti wà láàárín kòkó, kí wọ́n ṣa agbálùmọ̀ fúnra wọn. Agbálùmọ̀ tó dùn, a kì í ká a. Tó bá pọ́n, òun fúnra rẹ̀ á já bọ́. Ní Sátidé, àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì á ti Ọ̀wọ̀ wá, àwọn mìíràn á ti Àkúrẹ́ wá, tàwọn tọmọ wọn, tàwọn tapẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọ̀gá kan wọ bàtà gogoro wá. Ó dúró lẹ́bàá mọ́tò, kò wọ inú oko.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé kò sí ejò lábẹ́ ewé yìí?"

"Tó bá wà, òun náà ń ṣa agbálùmọ̀ ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin náà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbá abẹ́ gbogbo igi kí oníbàárà tó dé. Abẹ́ igi mi mọ́ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn lọ, mo sì ń fi yangàn.

Ibo ni mo wá ń da ewé sí? Bàbá àti àwọn olóko tó yí i ká máa ń ro ẹ̀gbẹ́ oko wọn yíká tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, á fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò, erùpẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, kí iná pápá má baà rí nǹkan jẹ wọ inú kòkó. Ilẹ̀ tó ṣófo yẹn ni mo ń da ewé sí. Mo mọ ohun tí wọ́n ro ó fún o. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Bàbá ìbá rí i, ṣùgbọ́n ara àbúrò rẹ̀ kò yá ní Ẹmùrẹ́-Ilé, ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sátidé kan, èéfín yọ lápá pápá. Àwọn oníbàárà fẹ́ sá.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Wọ́n ti ro ibẹ̀. Iná kì í kọjá."

Ó kọjá. Orí òkìtì ewé mi ló gbà. A ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, a fa àwọn ọmọ sá jáde. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, kòkó tí Bàbá àti bàbá tó bí i gbìn ti dúdú látòkè délẹ̀.

Bàbá dé lọ́jọ́ Ajé. Ó rìn yí oko ká, ó lóṣòó síbi tí eérú ti nípọn.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ta ló da ewé síbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o ò mọ ohun tí mo ro ó fún ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó dìde. Ìbá bú mi, ìbá lù mí. Ó kàn gbọn eérú kúrò lára aṣọ rẹ̀ ni. Ó kó lọ sí Ẹmùrẹ́-Ilé, kò sì gbin igi kankan mọ́ títí ó fi kú. Mo máa ń lọ kí i. Á ní kí n jókòó, á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, á dárúkọ wọn. Tí mo bá ti ń padà bọ̀, mi ò lè gbójú sókè nínú mọ́tò.

Èmi náà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, wọ́n ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé iná ọyẹ́ ni, pé oko ta ni kò jó lọ́dún náà?

Mo sọ fún wọn pé oko tó wà lápá ọ̀tún Bàbá Àdùkẹ́ kò jó. Èyí tó wà lápá òsì náà kò jó.