Akọ Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Láàárín àwọn ọdún 1990, ìbẹ́pẹ méjì ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkìrun, akọ kan, abo kan. Akọ ń tanná lórí ọ̀pá gígùn tó ń fì dirodiro, kò sì so rí. Abo kì í tanná púpọ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ni gbogbo ilé ń jẹ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti bí ọdún mélòó kan. Dókítà ní Òṣogbo ní kí tọkọtaya jọ wá fún àyẹ̀wò. Ìyàwó nìkan ló lọ, wọn ò sì rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara òun le, kí ni òun ń wá lọ síbẹ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni màámi wá ní igi tó ń tanná lásán kò gbọdọ̀ dúró nínú ilé tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi yọ àdá, ó gé akọ ìbẹ́pẹ lulẹ̀.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, ní Iníṣà. Mo ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù títí ó fi sú mi: lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ ni kòkòrò ń gbé lọ sórí òdòdó abo, òun ní í wọlé lọ bá ẹyin inú rẹ̀ kó tó di èso. Mo sọ ọ́ fún màámi. Wọ́n ní ṣé ìwé ló bá àwọn gbin ìbẹ́pẹ náà ni. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà?

Kò sí akọ mìíràn nítòsí, òdòdó abo sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyàwó ní í gbá ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, òun ló ń kó wọn dànù. Màámi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn á máa wò ó, wọn á mí kanlẹ̀. Wọn ò bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, igi yìí tiẹ̀ tún lè so?”

Mo ní ó lè so, bí akọ bá dá sí i. Ó wò mí títí.

“Ẹ bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín.”

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo tún dárúkọ dókítà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wá ọkọ tèmi ná.

Ohun tí ọwọ́ mi ká ni mo ṣe. Mo já òdòdó akọ nílé ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní Òkukù, mo gun àga, mo fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa orí òdòdó abo wa. Ìyàwó di àga mú fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín pé òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń wá ọkọ fún ìbẹ́pẹ rí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Èkó Èńdé, wọ́n wá kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú yàrá, kò jáde. Mo bá ìyàwó gbé àpótí dé ìdí mọ́tò.

Àwọn òdòdó tí mo fọwọ́ kàn kò já. Wọ́n di ọmọ ìbẹ́pẹ, wọ́n ń tóbi. Màámi pe àwọn aládùúgbò wá wò ó.

“Ẹ ò rí i? Ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílé tán, igi so.”

Mo ní èmi ni, mo ní èmi ni mo fi òdòdó akọ pa á, pé ìyàwó náà gan-an ló di àga mú. Wọ́n ti ń sọ ẹni tí yóò jẹ èyí tó bá kọ́kọ́ pọ́n.