Ìdúpẹ́ Tí Mo Ṣe Nígbà Tí Ìtọ́jú Ẹ̀dọ̀ Mi Ku Ìdajì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń tì mí lójú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Owú ló fẹ́ẹ̀ pa mí, kì í ṣe àìsàn.

Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní Ibo Road, ní Sabon Gari wa ní ìlú Hausa níbí. Èmi àti Ìyá Bọ́lá jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ra sì ni wá. Wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò hepatitis, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, fún gbogbo ìjọ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n rí i lára àwa méjèèjì, wọ́n ní ká lọ ṣe scan. Ẹ ò rí nǹkan? Kókó jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ wa méjèèjì. Dókítà kan náà ló gbà wá.

Ti Ìyá Bọ́lá kò ju awùsá kan lọ. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn kan bọ ìhà rẹ̀, ooru iná tó ń gba ẹnu abẹ́rẹ́ náà jáde jó kókó yẹn pa, ó sì sùn sílé lọ́jọ́ kejì. Kò pé oṣù kan tó fi ṣe ìdúpẹ́. Ó wọ léèsì, ó jó dé iwájú pẹpẹ. Èmi ń pàtẹ́wọ́, inú mi ń ta bí ata.

Tèmi tó ẹyin adìẹ. Dókítà ní wọn ò ní í fi iná jó o lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gba iṣan itan mi, wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín kan dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á rọ oògùn sínú kókó náà, wọ́n á sì dí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iná tó kàn. Ìyá Bọ́lá tó sìn mí lọ jókòó tì mí níbẹ̀. Mo fi Hausa bi dókítà pé kí ló dé tí kò fi ṣe tèmi bíi tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Hajiya, èmi onígbàgbọ́. Ó ní tí mo bá gbé omi kaná, tí ẹnì kan sì ń bu omi tútù lé e, ṣé á hó? Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú kókó ńlá ló ń gbé ooru lọ. Àfi ká dí i ná.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà. Mo ní wọ́n ti fún Ìyá Bọ́lá ní ojúlówó, èmi ni wọ́n fẹ́ fi dánra wò.

Wọ́n ṣe ti itan. Ibà àti èébì mú mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí ara mi ṣe balẹ̀ báyìí, mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo lọ bá pásítọ̀ pé mo fẹ́ dúpẹ́. Ta ló máa bi mí bóyá ìtọ́jú ti parí? Mo ra léèsì tó ju ti Ìyá Bọ́lá lọ, mo jẹ́rìí pé kókó ti lọ, ìjọ hó yè.

Ọjọ́ iná wá pé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà sí hospital? Fọlákẹ́ ọmọ mi, tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ Yorùbá sí i, Pidgin ló máa fi dáhùn, ní, "Mama, shebi you don testify say e don go? Na testimony be that abi na film?"

Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lọ. Hospital pè mí, mi ò gbé e. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mò ń fọwọ́ tẹ ìhà ọ̀tún mi wò láàárín oníbàárà, ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Bọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìyá Fọlákẹ́, ṣé wọ́n ti fi iná jó tìẹ?"

Mo ní ta ló sọ fún un pé ó ku iná.

"Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo jókòó sí nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé. Mo gbọ́ ẹ̀rí tí o jẹ́, mo kàn dákẹ́ ni." Ó wolẹ̀. "Kí n má purọ́ fún ẹ, mò ń jowú ẹ. Wọ́n rọ oògùn fún ẹ, wọ́n á tún jó o. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo máa ń rò pé bóyá tèmi ò tíì kú tán."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, kó tó di ẹkún.

"Ìwọ tí mo tìtorí ẹ ra léèsì," ni mo sọ.

"Mo mọ̀. Kò tiẹ̀ bá ẹ mu."

Lọ́jọ́ kejì, òun ló mú mi lọ. Dókítà ò pariwo. Ó wo scan tuntun, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń wá ọ̀nà padà sí etí kókó náà, pé ká ní mo tún pẹ́ díẹ̀ sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni à bá tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi iná jó o. Scan tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ó ti kú.

Lọ́jọ́ Sunday, mo dìde nínú ìjọ, mo sọ fún wọn pé mo ti jẹ́rìí irọ́, ìtọ́jú ò tíì parí nígbà yẹn. Ìyá Bọ́lá nìkan ló ṣe àmín.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń wo ẹ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí nígbàkígbà tó bá ti ku ọ̀la. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìtọ́jú tó tó ẹnìkejì lè má tó ẹ. Tí dókítà bá ní ọ̀nà méjì ni wọ́n máa gbà, ẹ jẹ́ kó pé méjì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti jowú aláìsàn ẹlẹgbẹ́ yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, èmi kọ́ ló máa bú yín.