Ṣé Ẹ Ṣì Wà Níbẹ̀?

Ìyá Halóò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe èébú. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó nídìí pátákó tí wọ́n ti ń so ìlà tẹlifóònù, tó ń so ohùn ẹni tó wà nílùú kan mọ́ ti ẹni tó wà nílùú mìíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó mú ife tíì rẹ̀ àti tìmùtìmù àga rẹ̀, ó wá sílé. "Halóò" náà tẹ̀ lé e wálé. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, halóò. Bí ọmọdé bá ń sunkún lábẹ́ fèrèsé, halóò.

Ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì ṣì mọ ibi tí fèrèsé wà. Dókítà ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló di ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn mú; bí wọ́n bá ń fò ó, òun náà á lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló ń kán ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Ti ọ̀sán wà lọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ni ọmọbìnrin náà ń tà ní ibùdókọ̀, aago méjì ọ̀sán sì ni èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni aago ìyá. Bí orin ìròyìn aago méjì bá ti dún, á na ọwọ́ sí ìgò oògùn lórí tábìlì, á gbé orí sẹ́yìn, á kán an. Wọ́n ti ra aago tó ń sọ̀rọ̀ fún un rí. Ó fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ.

"Kò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu," ó ní. "Irú wọn kì í ṣe ẹni à ń bá gbé."

Ìwé dé láti ilé iṣẹ́ oníwáyà tó ń fi wáyà gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé fún wọn: lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, wọn yóò pa ti àtijọ́, gbogbo rẹ̀ yóò di díjítà. Wáyà tó ń wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tààrà yóò kọ́kọ́ gba inú dẹkódà kọjá. Ọmọbìnrin kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni ti tẹ́lẹ̀ ṣe?"

"Wọ́n ní àwòrán á mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Màámi."

"Ó dáa. Kí wọ́n lọ sọ fún ẹni tó ń rí i."

Oníwáyà wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ní kó bọ́ ọ. Rìmóòtù di méjì. Ọmọbìnrin fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di tíkẹ́ẹ̀tì wé ti dẹkódà, kí ọwọ́ ìyá lè dá a mọ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi ń tẹ bọ́tìnnì kiri, títí ó fi mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ó sì gbé rìmóòtù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọbìnrin ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà, ilé pa lọ́lọ́. Ìyá jókòó sójú kan, ìgò oògùn lọ́wọ́, ìdérí rẹ̀ ti ṣí.

"Wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán," ó ní. "Ìròyìn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Gílóòbù ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin wò ó. Ó gba ìgò náà, ó kán oògùn tó ti pẹ́ ní wákàtí mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá mọ̀ pé kì í ṣe iná. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan dẹkódà. Dẹkódà máa ń pẹ́ kó tó jí. Ó rò pé kò gbọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi pa á padà. Ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin dé. Ọmọbìnrin yíjú sí ògiri.

"Ẹkún nìyẹn?" ìyá bi í. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Máa ríran fún àwa méjèèjì nígbà náà."

Láti ìgbà yẹn ni ara ọmọbìnrin náà kò ti gba ibi iṣẹ́ mọ́. Ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, aago ara ògiri ló ń wò. Ó ta ti ìlú tí ọkùnrin kan kò lọ fún un.

"Aǹtí," ọkùnrin náà ní, "ìlú àwọn àna mi nìyí. Àná ni mo sá kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi padà."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kò rẹ́rìn-ín.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì kábàámọ̀ kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ kí ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, nílé tí kì í ṣófo.

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé," ó ní. "Bí nǹkan yẹn bá tún kú kó tó di aago méjì, mò ń gbé Màámi lọ. Má ràn wọ́n lọ́wọ́ o. Ojú wọn kì í ṣe nǹkan eré."

Wọ́n sọ fún ìyá.

"Ilé rẹ̀ dáa," ó ní. "Mi ò kàn mọ ibi tí ògiri wà níbẹ̀ ni. Níbí, tí mo bá ṣubú, mo mọ ohun tí mo ṣubú lù."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó ránṣẹ́ pe oníwáyà.

"Aago mélòó lẹ máa ń tàn án?" oníwáyà bi í.

"Mẹ́jọ, kí n tó jáde."

"Á kú ní méjìlá. Bí wákàtí mẹ́rin bá kọjá tẹ́nìkan ò fọwọ́ kan rìmóòtù, á gbà pé kò sẹ́ni nílé. Á kọ ìbéèrè sójú tẹlifíṣọ̀n: ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Bí ìṣẹ́jú kan bá pé tí wọn ò dáhùn, á pa ara rẹ̀."

"Ẹ bá wa yọ ìbéèrè náà kúrò."

"Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọwọ́ mi ò tó o, Aǹtí."

Ìyá, tó jókòó sórí àga rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tètè tán.

"Ó ń béèrè bóyá mo wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, mà á yọjú sórí ìlà: ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Bí wọn ò bá fèsì, mà á fa okùn yọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọkùnrin kan wà tó máa ń pe ìyàwó rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fa okùn wọn yọ kó tó yé mi."

"Ẹ̀san rèé o, Màmá."

"Ẹ̀san ni. Bọ́tìnnì wo ni wọ́n fi ń dá a lóhùn?"

"Èyí tó bá wù yín."

Láti ìgbà náà, bí orin ètò kan bá ti parí, ìyá á tẹ bọ́tìnnì ohùn lẹ́ẹ̀kan sókè, lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀, á ní, "Halóò, a wà ńbí." Lọ́jọ́ Ẹtì, ìròyìn aago méjì bá a níbẹ̀, ó kán oògùn rẹ̀.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo," ẹ̀gbọ́n ní lórí fóònù. "Ó di ọ̀la."

Ní Sátidé, ìyá tẹ bọ́tìnnì ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú báàgì kan wọlé, ó rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga. Síìpù rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Báàgì ńlá ni," ìyá ní.

"Òfìfo ni, Màámi."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó sọ ti àwọn ọmọ rẹ̀, ti yàrá tí wọ́n tún kùn, ti igi tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá náà. Orin ètò kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Rìmóòtù wà lórí itan ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọbìnrin ń dìde, ó ń jókòó. Ó lọ fọ ife tí kò dọ̀tí. Mọ́kànlá kọjá, méjìlá kọjá. Ọmọbìnrin fẹ́ wúkọ́ kí ìyá lè fura. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ọmọbìnrin gbé ikọ́ náà mì.

Ní aago kan ààbọ̀, ìbéèrè náà yọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń dín kù láti ọgọ́ta.

Ẹ̀gbọ́n rí i. Ó wà láàárín ọ̀rọ̀ igi. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Lẹ́yìn ìbéèrè náà, obìnrin kan ṣì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bu omi rin òdòdó. Ogójì. Ẹ̀gbọ́n wo báàgì, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ogún.

Ìyá gbé orí sókè.

Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Bí ẹnìkan bá dákẹ́ lórí ìlà, ó ń ronú ni. Bí ẹni méjì bá dákẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan ti wọ àárín wọn. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò nínú ti ọmọ rẹ̀, ó wá rọ́bà kiri lórí itan, ó rí i, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Halóò," ó ní. "A wà ńbí."

Ìbéèrè náà lọ. Ó ti ku mẹ́sàn-án.

Nígbà tó yá, orin ìròyìn dún. Ìyá na ọwọ́ sí ìgò, ó gbé orí sẹ́yìn, ó kán an. Díẹ̀ ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò nù ún.

Ẹ̀gbọ́n mú báàgì, ó ká a sí méjì, ó tún ká a. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"O rí i," ìyá ní, "o ò sì sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ti báàgì náà bọ abẹ́ apá.

Ìyá kọjú sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń dún.

"Halóò," ó ní. "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"