Bí Èmi àti Bàbá Mi Ṣe Wá Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kiri Nínú Oṣù Kẹjọ

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Sátidé ni Daddy kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dé fìlà.

"Fọlákẹ́, dìde. Tí a bá pẹ́, wọ́n á ti tà á tán."

Wọ́n á ti ta kí ni tán? Rọ́kẹ́ẹ̀tì! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá wa du rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú oṣù Kẹjọ?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, àìsàn kan sì ń jẹ ìríran wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà, ìyókù náà ò sì ní pẹ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ báyìí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n ń yìn ní ìparí ọdún, lójú ọ̀run kí ilẹ̀ tó ṣú sí àwọn lójú. Mo ní kí wọ́n mú sùúrù di Kérésì. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo ń bá wọn ka ọjọ́ ojú wọn ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Daddy kórìíra nǹkan wọ̀nyí. Bí ìparí ọdún bá dé, wọn á ti fèrèsé pa, wọn á wọlé jókòó. Mo mọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, a máa ń ṣa nọ́káòtù, ìyẹn bángà kékeré, tó bá kọ̀ tí kò dún. A máa ṣẹ́ ẹ sí méjì, a máa ṣáná sí ẹ̀tù inú ẹ̀ kó lè tàn ṣàà. Daddy ló kọ́ mi. Ọ̀kan tí wọ́n mú fún mi lọ́jọ́ kan dún mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gé orí ìka ìfábẹ̀lá mi lọ.

Mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí náà kẹ̀kẹ́ la wọ̀ láti Ikosi dé Ketu, igba náírà lórí ẹnì kan, a sì wọ bọ́ọ̀sì ọ̀ọ́dúnrún dé Mile 12. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹrẹ̀ mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátò, Daddy di apá mi mú, wọ́n sì ń dá mi lẹ́bi pé mò ń yára rìn jù. Ìyá kan tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé wò wá tìyanu-tìyanu.

"Daddy, rọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ti ń ṣe Christmas ni? Ember months ni wọ́n máa ń kó o wọ ọjà o. Ẹ lọ wo Owódé Onírin, ọkùnrin kan tó ń ta páìpù níbẹ̀ máa ń ní èyí tó ṣẹ́kù."

A tún wọ bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin onípáìpù náà ò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kábáìdì ló gbé jáde, òkúta tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe gáàsì, tó sì máa ń bú gbàù.

"Agolo mílíìkì kan péré lẹ nílò, Daddy. Gbogbo Ketu á gbọ́!"

"Eélòó ni?" Daddy bi í.

Inú bí mi. Mo gbé ìka mi tó kúrú sókè kí àwọn méjèèjì lè rí i. Onípáìpù náà rọra kó òkúta ẹ̀ padà. Oníbàárà ẹ̀ kan ló wá fi fóònù hàn wá: òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ogudu fẹ́ yin iná fún àwọn ọmọ tó wà ní họlidé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lórí ẹnì kan.

A lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti jókòó. Nígbà tó di aago méje, wọ́n gbé ẹ̀rọ méjì sílẹ̀ létí omi ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, iná tútù, tí kì í jóni, tó ga tó ènìyàn sì ń ta wẹ́wẹ́ jáde, irú èyí tí wọ́n ń lò tí ìyàwó bá ń wọlé. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Ṣé wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Daddy bi mí.

Mo lọ bá máníjà. Mo bá a jà dáadáa. Ó ní, "Aunty, ẹ má bínú, àdúgbò yìí ò gbà kí a yin nǹkan sókè." Ṣùgbọ́n ó wo Daddy, ó wọlé, ó sì mú páálí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ṣẹ́kù láti New Year wá. Ojú mẹ́rin ló ní, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló gbà.

Mo pe alága ẹ́sítéètì wa lórí fóònù lọ́nà ilé, ó ní pápá ẹ̀yìn ilé ni kí a lò, kó má sì kọjá aago mẹ́sàn-án. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi yanrìn tì í kó má ṣubú, mo pọn omi kún báàkẹ́ẹ̀tì, mo fi Daddy jókòó sórí àga ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Mo na ọwọ́ jìnnà, mo ṣáná sí òwú ẹ̀, mo sá.

Àkọ́kọ́ pupa. Ìkejì àwọ̀ ewé. Ìkẹta fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀. Daddy ṣí ẹnu sílẹ̀. Ìkẹrin kọ̀.

Mo yíjú, mo rí i pé Daddy ti dìde, wọ́n ti ń lọ síbẹ̀.

"Daddy! Ẹ dúró!" Mi ò pariwo mọ́ bàbá mi rí láyé mi. "Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣẹ́ ẹ ni?"

Wọ́n dúró. Ìgbà náà ni mo rí báàkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn.

"Omi ni mo fẹ́ dà sí i," ni wọ́n wí. "Ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Mo ní kí a kọ́kọ́ ní sùúrù fún un, nítorí ó ṣì lè dún. A dúró títí ó fi pẹ́ dáadáa, a sì jọ da omi náà sí i. Daddy wá ọwọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn kan ìka tó kúrú náà.

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ iná ọjọ́ yẹn ni ojú mi máa rí kẹ́yìn, Fọlákẹ́."

Ìbínú tí mo ti ń kó jọ láti ìdájí, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí mọ́. Mo gbé àga, mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì, Daddy di apá mi mú, a sì rọra rìn wọlé.