Àwòrán Abẹ́ Sùtánà

Ní kíláàsì àwòrán yíyà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ní Barking nílùú Òyìnbó, òórùn ọ̀dà tútù mú mi rántí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà èwe mi, tí èmi àti àwọn òbí mi ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà yà síbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ìgbà ìrúwé nínú páàkì. Mo ya ilé wa, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn pupa. Obìnrin kan yìn ín, ó mú bírò jáde, ó ní àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí ilé ìtajà Vicarage Field, ó sì béèrè orúkọ mi àti àdírẹ́sì wa.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó bi bàbá mi ní Yorùbá pé, “Kí ni wọ́n fẹ́ fi àdírẹ́sì ọmọdé ṣe?”

“Ìyá Ṣadé, àwòrán lásán ni.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni?”

Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi ká àwòrán náà ní tútù, ó tì í bọ abẹ́ sùtánà rẹ̀, a sì kúrò níbẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé a kò tíì ní ìwé ìgbélùú.

Kí a tó dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀dà ti ràn mọ́ àyà aṣọ funfun tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Kò bá mi wí. Ó kàn fi báàgì rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí a fi délé.